Lọ́yà ọ̀fẹ́ ní Ìlú Ọba: bí ẹjọ́ I.S. ṣe lọ, àti ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tó jàre

Lẹ́tà méjì péré ni ilé ẹjọ́ fi ń pe ọkùnrin náà: I.S. Ọmọ Nàìjíríà ni, Ìlú Ọba ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọpọlọ rẹ̀ sì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ débi pé kò lè tọ́jú ara rẹ̀, kò lè dá pe ẹjọ́, kò sì lè dá jẹ́jọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó máa ń dúró fún irú wọn nílé ẹjọ́, Official Solicitor ni wọ́n ń pè é. Òun ló dúró fún I.S. Wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà pamọ́ láti dáàbò bò ó, àwa náà ò sì ní wá a kiri níbí.

Ohun tó ń béèrè kò pọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni du ilé, kò sì béèrè owó gbà-má-bínú. Ìwé ìgbélùú ni kò ní, ó sì fẹ́ kí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ dá pàápàá mọ ohun tí àìní ìwé ń fojú ènìyàn rí níbẹ̀: kò lè ṣiṣẹ́ gbangba, kò lè gba bẹ́nífíìtì (owó ìrànwọ́ ìjọba), gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ni àyà ń já. Ti aláìsàn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2002 ni òfin ti ká kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lọ́wọ́ kò lórí ẹni tí kò ní ìwé: àyàfi tí àìnáwọ́ sí i bá máa tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọnìyàn lójú, kánsù kò gbọdọ̀ nawọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé I.S. kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹni tí yóò máa bọ́ ọ, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa bá a lo oògùn, orí ìwé yẹn ni gbogbo rẹ̀ so kọ́.

Kò nílò lọ́yà tí yóò wọ aṣọ dúdú dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Ẹni tí yóò jókòó kọ ìwé ló nílò: ẹni tí yóò gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, tí yóò ṣàlàyé ọdún tó ti lò níbẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ́kù fún un nílé, tí yóò sì fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀ kí Home Office má baà kàn sọ ọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní kí pásítọ̀ wọn tàbí ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìjọ bá a kọ ọ́, ẹ rántí pé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ́fíìsì tàbí ẹgbẹ́ kan láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú bí kò bá forúkọ sílẹ̀, ì báà gba owó, ì báà má gba kọ́bọ̀. Wọ́n ṣe òfin yẹn nítorí àwọn gbájú-ẹ̀, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí kò lówó lọ́yà kò lè máa mú aládùúgbò tó mọ̀wé kọ dípò lọ́yà.

Ká ní ọdún mélòó kan ṣáájú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni, ì bá má di ẹjọ́ rárá. Láti ọdún 1949 ni Ìlú Ọba ti ní òfin pé kí ìjọba máa san owó lọ́yà fún tálákà. Ní oṣù Keje ọdún 1970, wọ́n ṣí ọ́fíìsì kan ní Golborne Road ní North Kensington, nínú ṣọ́ọ̀bù tí alápatà ti ń ta ẹran tẹ́lẹ̀. Àdúgbò àwọn tó ń háyà yàrá kan lọ́wọ́ onílé ọ̀dájú ni nígbà náà, àwọn ará Caribbean sì pọ̀ níbẹ̀. Dípò kí aráàlú máa gun àtẹ̀gùn lọ bá lọ́yà láàárín ìlú, lọ́yà ló wá jókòó sí ojú pópó, níbi tí ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà lè yà sí pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni law centre ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tàn dé àwọn àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní gúúsù London, Southwark àti Lambeth. Àpò méjì ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹun: owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti owó tí kánsù ń fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún 2010, àpò méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin tó gé owó lọ́yà tí ìjọba ń san ni àwọn lọ́yà ń pè ní LASPO. Kenneth Clarke ni mínísítà ètò ìdájọ́ tó gbé e wá sílé aṣòfin. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún 2012. Chris Grayling ló sì wà lórí àga nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2013. Owó tí wọ́n fẹ́ dín kù tó mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn lọ́dún. Àlàyé ìjọba ni pé gbèsè ti wọ ìlú lọ́rùn, àti pé àwọn ènìyàn ń fi owó ìlú gbé ọ̀rọ̀ tí wọn ì bá yanjú nílé lọ sílé ẹjọ́.

Bí wọ́n ṣe gé e ló yẹ ká wò dáadáa. Òfin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ to àwọn ẹjọ́ tí ìjọba kò ní san owó wọn. Gbogbo èyí tó kù, ìjọba lè san án. LASPO yí i po: ó to àwọn tí ìjọba yóò san, gbogbo èyí tí kò bá sí nínú ìwé náà ti bọ́ síta nìyẹn. Ẹjọ́ tọkọtaya tó ń túká àti ti ọmọ bọ́ síta, àyàfi tí ẹ̀rí ìlukúlù bá wà. Gbèsè bọ́ síta, àfi bí ilé bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onígbèsè. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ti bẹ́nífíìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìwé ìgbélùú náà lọ; ẹni tó sá wá nítorí ẹ̀mí rẹ̀ àti àwọn díẹ̀ mìíràn nìkan ló kù. Ẹjọ́ bẹ́nífíìtì tí wọ́n san owó lọ́yà lé lórí lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́rin (82,000) lọ́dún tó ṣáájú òfin náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016 sí 2017, ó ti di 440. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, National Audit Office, rí i lọ́dún 2014 pé ẹjọ́ ilé ẹjọ́ ẹbí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò ní lọ́yà fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín ọdún kan péré. Ìyá àti bàbá tó ń jà sọ́mọ ló ń dúró níwájú adájọ́ fúnra wọn, kálukú pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀ lábẹ́ abíyá.

Àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ pé àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n bá èyí rìn. Wọ́n wá fi abala kẹwàá sí i: bí àìsí lọ́yà bá máa tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn lójú lábẹ́ Àdéhùn Yúróòpù lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ìjọba yóò san owó rẹ̀ bí ẹjọ́ náà ò tilẹ̀ sí nínú ìwé. Nílé aṣòfin, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aláìlera tàbí afọ́jú, abala kẹwàá ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ìjọba fojú bù ú pé láàárín ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn ni yóò máa béèrè fún un lọ́dún.

Lọ́dún àkọ́kọ́, nǹkan bí 1,500 ló béèrè. Àwọn tó rí i gbà kò tó ọgọ́rùn-ún.

I.S. wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀ fún.

Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin, ṣùgbọ́n kò ṣòro. Mínísítà ti kọ ìlànà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ìpinnu náà. Ohun tí ìlànà yẹn ní kí wọ́n bi ara wọn ni pé: bí a ò bá fún ẹni yìí ní lọ́yà, ṣé kò ní ṣeé ṣe fún un rárá láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, tàbí ṣé àìṣòdodo náà yóò hàn gbangba? Ó tún sọ fún wọn pé òkè gíga ni ẹni tó fẹ́ gba owó yìí ní láti gùn, àti pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò wọ inú ohun tí àdéhùn Yúróòpù pa láṣẹ pé kí ìjọba san owó lọ́yà lé lórí. Pẹ̀lú irú ìlànà yẹn lórí tábìlì, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gan-an kò rí àyè.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ojú ewé mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Wọ́n kọ ọ́ fún lọ́yà, wọn ò kọ ọ́ fún ẹni tó ń wá lọ́yà. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti sọ ẹ̀tọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lójú àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, kó sì fi hàn pé ẹjọ́ náà lè jàre. Bí lọ́yà bá sì bá ènìyàn kọ ọ́, òfin ni pé bí wọ́n bá gbà á nìkan ni wọ́n tó máa sanwó wákàtí tó lò. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ṣe. Nígbà tí púpọ̀ nínú ohun tí ènìyàn béèrè bá sì jẹ́ pé wọ́n ń kọ̀ ọ́, ọ́fíìsì tó fẹ́ sanwó ilé àti owó iná kò lè máa kọ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ wá fojú inú wo I.S. níwájú fọ́ọ̀mù yẹn. Kò rí i. Bí wọ́n bá kà á sí i létí, kò lè tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n sì ní kó fi dáni lójú nínú rẹ̀ ni pé òun kò lè ṣe é láìsí lọ́yà.

Ó di ẹjọ́, òun àti àwọn márùn-ún mìíràn tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú tiwọn náà kò rí owó lọ́yà. Orúkọ obìnrin ará Lithuania tó ṣáájú wọn, Gudanaviciene, ni àwọn lọ́yà fi ń pe ẹjọ́ náà títí dòní. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, Adájọ́ Collins ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní ìlànà mínísítà kò bá òfin mu. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn adájọ́ mẹ́ta tí Lord Dyson ṣe olórí wọn dá ẹjọ́ tí kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn lọ́yà. Wọ́n ní òkè tí mínísítà ní kí àwọn ènìyàn gùn ga ju ti òfin lọ. Wọ́n ní òótọ́ ni pé òfin pe irú ẹjọ́ báyìí ní ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, níbi tó bá ti kan ìgbésí ayé ènìyàn àti ẹbí rẹ̀, lè béèrè pé kí ìjọba san owó lọ́yà. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n wò ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó, ohun tí ènìyàn yóò pàdánù, àti bí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe lè kó ipa nínú ìpinnu tí wọ́n fẹ́ ṣe lé e lórí.

Ti I.S. kò nílò àríyànjiyàn. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, kò sí bí ó ṣe lè bá Home Office sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ti ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni Home Office ì bá gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ fi àṣẹ lé e pé kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún un lòdì sófin.

Ó padà lọ sílé ẹjọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ I.S. ló wà níwájú ẹjọ́, ètò abala kẹwàá lódindi ni wọ́n sì ń pè lẹ́jọ́: fọ́ọ̀mù tó le, lọ́yà tí wọn kì í sanwó fún, ẹni tí kò ní lọ́yà tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Adájọ́ Collins tún gbè é, ó ní ètò náà kò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ yẹn nù. Adájọ́ méjì ní ètò náà ní àléébù, àmọ́ àléébù rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ pe gbogbo rẹ̀ ní àìbófinmu. Adájọ́ kẹta, Briggs, kò gbà pẹ̀lú wọn.

Ibí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó ń fi ẹjọ́ I.S. ṣe àjọyọ̀. Òótọ́ ni pé ìdájọ́ ọdún 2014 ṣí nǹkan. Iye tí wọ́n ń fọwọ́ sí gòkè, ó sì ti pẹ́ tó ti ju ìdajì àwọn tó ń béèrè lọ. Ìwé ìgbélùú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ Public Law Project kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè béèrè fúnra wọn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fọwọ́ sí kì í ṣe lọ́yà. Ìwé ni. Ẹni tó bá gbà á yóò ṣì gbé e káàkiri, yóò máa wá ọ́fíìsì tó ní àdéhùn pẹ̀lú ìjọba tí àyè ṣì wà níbẹ̀ láti gba ẹjọ́ tuntun. Àwọn ọdún tí wọ́n fi ń bá òfin jà nílé ẹjọ́ gan-an ni àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn ń kógbá sílé.

Kódà, àwọn tó tóbi jù ti wó kí LASPO tó dé. Refugee and Migrant Justice wó ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, nítorí wọ́n ti yí ọ̀nà ìsanwó padà: ìgbà tí ẹjọ́ bá parí ni ìjọba ń sanwó, ẹjọ́ sì lè gba ọdún. Ẹgbẹ́ náà kò jẹ gbèsè nítorí pé iṣẹ́ kò sí. Iṣẹ́ tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Immigration Advisory Service tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, wọ́n gé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó iṣẹ́ tí lọ́yà ń gbà lórí irú ẹjọ́ wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì fi kún un láti ọdún 1996. Law centre Birmingham ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2013. Ti Lambeth tì í ní oṣù Keje ọdún 2019. Nínú ìṣirò ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fúnra rẹ̀, àdúgbò 94 ló ní law centre tàbí ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2013 sí 2014. Nígbà tó di ọdún 2019, ó ku 47.

Nígbà tí law centre bá kógbá sílé, ohun tí ń lọ ju tábìlì àti àga lọ. Lọ́yà tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ bí Home Office ṣe ń ronú yóò lọ wá iṣẹ́ níbòmíràn, kò sì ní kọ́ ọmọdé kankan mọ́. Akọ̀wé tó mọ̀ pé ìyá yìí kì í gbé fóònù tí nọ́ńbà bá pamọ́ yóò lọ. Fáìlì àwọn oníbàárà yóò di ẹrù tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò jù ú sí. Ẹ lè dá owó padà lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn yẹn kò ní padà.

Ta ló wá jókòó sí àyè tó ṣófo? Ẹni tó bá mọ Peckham ní gúúsù London mọ ìdáhùn. “Mo mọ ẹnì kan tó máa bá ẹ ṣe é.” Agẹ́ńtì ni. Òmíràn nínú wọn forúkọ sílẹ̀, ó sì mọṣẹ́. Òmíràn yóò gba owó, yóò fi ìbéèrè fún ibi ààbò (asylum) tí kò rí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lórúkọ oníbàárà rẹ̀ nítorí pé ìyẹn ni kò ní owó fọ́ọ̀mù, tí irọ́ yẹn yóò sì wà nínú fáìlì ẹni náà títí ayé. Òfin ọdún 1999 tí mo mẹ́nu kàn lókè ṣì wà. Ohun tó ti ń tì í lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó dára wà fún aráàlú láti lọ. Ìyẹn ni kò sí mọ́ ní ibi púpọ̀.

Nǹkan díẹ̀ ti yí padà ṣá. Ìgbà tí Grayling fẹ́ sọ pé ẹni tí kò bá tíì gbé ìlú náà lọ́nà òfin fún oṣù méjìlá kò gbọ́dọ̀ rí owó lọ́yà gbà rárá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọ́ ọ lọ́dún 2016. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ padà sínú ètò náà lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìjọba kéde pé àwọn yóò fi kún owó lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ìwé ìgbélùú. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló kọjá lórí owó yẹn kí wọ́n tó rántí rẹ̀.

Ẹni tó bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti I.S., abala kẹwàá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì gbà kí ẹlòmíràn bá aláìsàn béèrè. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ bá rí lọ́yà kí ẹ tó béèrè. Ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ máa ń rọrùn fún ọ́fíìsì láti gbà, torí pé owó iṣẹ́ wọn ti dájú. Kí ẹ tó fún agẹ́ńtì kankan ní kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì lọ wò ó nínú ìwé orúkọ Immigration Advice Authority lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ní lọ́yà lòun, ìwé orúkọ ti àwọn lọ́yà ni kí ẹ wò, òun náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.